Ọkùnrin Tó Tẹ́ Òṣùpá Pẹrẹsẹ

Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan lójú pópó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó di ojú kan, tó ń fi èkejì wo ilẹ̀ lọ gbọọrọ, ẹ má ṣe bá a wá nǹkan o. Kò sí ohun tó sọnù. Pẹrẹsẹ ni. Ó ń wò ó bóyá ilẹ̀ náà tẹ́.

Pẹrẹsẹ kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pe ti bàbá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Birikìlà ni, àmọ́ kì í kọ́ ògiri. Ilẹ̀ nìkan ló ń tẹ́. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ilẹ̀ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọwọ́ rẹ̀ ti kan gbogbo wọn. Bó bá parí ilẹ̀ kan, yóò gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan sí àárín rẹ̀, yóò sì jókòó tì í. Bí bọ́ọ̀lù náà bá yí, ì báà ṣe ìwọ̀n ọmọ ìka, yóò fọ́ ilẹ̀ náà, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá. Wọ́n sì mọ̀ pé kì í bàjẹ́.

Kí n má parọ́, ó ti kọjá iṣẹ́, ó ti di àìsàn. Kò lè jẹun lórí tábìlì tó ń mì. Bó bá ṣe àlejò ní ilé onílé, kí wọ́n tó kí i káàbọ̀ tán, ó ti ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ àga. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá ìyàwó rẹ̀, bí àwọn ẹbí ṣe ń nu ojú, wọn ò rí àna wọn mọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa rí i, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti fi pátákó tẹ́ òkìtì ibojì náà débi pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n sin òkú sí mọ́. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi wá ibojì. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko.

Ìyàwó ọ̀hún, aṣọ ló ń lọ̀ ní ilé ìfọṣọ kan. Ọkọ ń tẹ́ ilẹ̀, ìyàwó ń lọ aṣọ: nínú ilé wọn, ohunkóhun tó bá wú tàbí tó hunjọ ti dáràn. Ọlọ́run wá fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo ta wọ́n lọ́rẹ. Ọmọ dàgbà tán, ó ní ohun tí òun fẹ́ràn jù láyé ni àwọn ihò tó wà lára òṣùpá.

Pẹrẹsẹ kò bá a jà. Màmá mi ló máa ń pè é, nítorí láti kékeré ló ti ń pàṣẹ fún un bí ìyá ṣe ń pàṣẹ fún ọmọ. Màmá mi kàwé, ó kàwé, ó di ẹnjiníà, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sí òṣùpá. Kì í ṣe ìjọba ló ni ilé-iṣẹ́ náà o. Ọkùnrin kan ló ni ín, Ọ̀gá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é, ogún ọdún ló sì fi ṣe tímùtìmù tà kó tó gbójú sókè lọ́jọ́ kan. Inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń rán tímùtìmù náà ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ òṣùpá. Òwú ṣì ń fò kiri níbẹ̀. Kí wọ́n tó dé ohunkóhun pa nínú ọkọ̀ náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣa òwú kúrò nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ga tó ọkùnrin méjì, àwọn òṣìṣẹ́ sì sọ ọ́ ní Aláàárù, nítorí ẹrù ẹlẹ́rù ló ń rù. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ẹ̀rọ kan rán an tí yóò máa wọn bí ilẹ̀ òṣùpá ṣe gbóná tó. Ilé-iṣẹ́ bàtà kan fi bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kan rán an, kí wọ́n lè máa polówó pé tiwọn ni bàtà àkọ́kọ́ tó dé òṣùpá láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà gba gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹrù ni ẹrù ń jẹ́.

Lílọ kò le, bíbalẹ̀ ni ìyá ìṣòro. Ọmọ náà ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ ìsinmi kan.

"Ẹ wò ó, Bàbá, kò sí atẹ́gùn lókè yẹn. Agboorùn tí àwọn tó ń já bọ́ láti inú bàálù máa ń ta, kò wúlò níbẹ̀. Iná la máa tú jáde lábẹ́ ọkọ̀ kó lè máa tì í sókè, kó má bàa wálẹ̀ bí òkò. Epo tó sì gbé, díẹ̀ ni. Bó bá ń ṣe iyèméjì lókè, epo tán nìyẹn."

"Ẹ ò lè máa wà á láti ibí ni?" Ìyá rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Mọ́mì, ohun tí mo bá wí níbí, ó máa lé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dé ọ̀hún, èsì náà sì máa lò tó bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Kí n tó pariwo pé kó yà, ó ti ṣubú. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú tó máa fi wo ilẹ̀, kó mọ ibi tó máa fẹsẹ̀ lé. Ojú yẹn ni iṣẹ́ tèmi."

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ohun tó jẹ Pẹrẹsẹ lógún yàtọ̀. "Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́, Màmá mi? Ṣé ó tẹ́?"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kò tẹ́ rárá, Bàbá. Ihò lórí ihò ni."

Pẹrẹsẹ gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kí ojú Aláàárù tó lè gbọ́n, ó gbọ́dọ̀ máa fi ilẹ̀ tó jọ ti òṣùpá dánra wò. Wọ́n kó iyanrìn aláwọ̀ eérú kún ìdajì gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́. Ọmọ Pẹrẹsẹ dìde níbi ìpàdé, ó ní kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ tó bàbá òun, òun sì dúró fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Pẹrẹsẹ, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra fìlà tuntun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbẹ́ ihò méjìléláàádọ́fà. Ó ń gbẹ́, ó ń kẹ́dùn. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń sanwó fún un kó tẹ́ ilẹ̀. Wàyí o, wọ́n ń sanwó fún un kó bà á jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ibà dá a dúbúlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ tútù lé e níwájú orí.

"Bàbá ọmọ mi, iṣẹ́ ni ẹ̀ ń ṣe o, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ ń dá."

Ó dìde, ó padà síbẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n wọ̀n ọ́n. Àwọn ihò jìn bó ṣe yẹ, etí wọn mú bó ṣe yẹ, àwọn òkúta sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kejì tí wọ́n gbé fún un ló wá kó bá a. Lójoojúmọ́, wọ́n máa ń fi okùn sọ ọmọ Aláàárù, ọkọ̀ kékeré kan tó jọ ọ, láti òrùlé gbọ̀ngàn wá sórí iyanrìn. Ojú rẹ̀ yóò wo ilẹ̀, yóò yan ibì kan, yóò fẹsẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, ipasẹ̀ àwọn ènìyàn á wà káàkiri orí iyanrìn. Pẹrẹsẹ ni yóò nu ipasẹ̀ náà kúrò ní ìrọ̀lẹ́ kó tó lọ sílé.

"Ipasẹ̀ nìkan o, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ sọ fún un. "Ẹ má fọwọ́ kan ihò."

"Mo gbọ́, Màmá mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́. Bó ṣe ń nu ipasẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, ó rí etí ihò kan tó yọ gọnbu síta bí eyín tó fẹ́ jábọ́. Kì í ṣe pé ó ronú lé e lórí. Orin ló ń kọ lábẹ́ ahọ́n, ọwọ́ sì kọjá lórí rẹ̀, ó dán. Lọ́jọ́ kejì, etí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá dà bí èyí tó burú. Òkúta kan ń mì, ó fi iyanrìn díẹ̀ tì í nídìí. Ìwọ̀n èékánná kan lónìí, ìwọ̀n èékánná kan lọ́la. Oṣù méje ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kì í ṣe mọ iye ìgbà tí òun họ imú. Ihò tó jìn dé orúnkún di ọpọ́n, ọpọ́n di àwo ìjẹun.

Ẹ ó ní ṣé kò sí ẹni tó lójú nínú ilé-iṣẹ́ náà ni. Ojú wà. Ẹni tó ń rí nǹkan lójoojúmọ́ kì í rí i pé ó ń yí padà, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sì wọn ihò wọ̀nyẹn. Ohun kan ṣoṣo tó tún ń wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́ ni ojú Aláàárù, ojú ọ̀hún sì ni wọ́n ń dán wò! Ní oṣù àkọ́kọ́, nínú ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń ṣubú nígbà mẹ́fà. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì. Ní oṣù keje, kò ṣubú mọ́ rárá. Ọ̀gá Àgbà jó yí gbọ̀ngàn ká. Ó gbé àwòrán ọmọ Pẹrẹsẹ kọ́ ògiri, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa wo ojú ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ lọ́gbọ́n.

"Bàbá, ó tún yege!" Bí ọmọ náà ṣe máa ń sáré wá sọ ọ́ nìyẹn, bàbá rẹ̀ á sì fi ọwọ́ tó ṣì kún fún iyanrìn gbá a mọ́ra. Kò sí bàbá tí inú rẹ̀ dùn tó ti Pẹrẹsẹ láwọn oṣù wọ̀nyẹn.

Ọjọ́ pé, Aláàárù gbéra, ó lọ ní àlọ ire. Lọ́jọ́ tó fẹ́ balẹ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn oníbàárà jókòó síwájú. Aṣojú ilé-iṣẹ́ bàtà gbé bàtà ẹsẹ̀ òsì tó kù lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọmọ Pẹrẹsẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ka ohun tó ń rí síta.

"Kìlómítà kan... Irínwó mítà... Ó ń wá ibi tó máa dúró sí... Ó ti rí i!"

Ihò kan ló rí. Gbogbo ohun tí wọ́n sì ti fi kọ́ ojú yẹn fún oṣù méje ni pé ihò kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé èèyàn lè fẹsẹ̀ lé etí rẹ̀ kó sì dúró gbọn-in. Ó fẹsẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú ẹ̀rọ: Mo ti balẹ̀. Gbọ̀ngàn dàrú. Ọ̀gá Àgbà gbé agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ náà sókè, aṣojú bàtà sì fi ẹnu ko bàtà lẹ́nu. Ọmọ Pẹrẹsẹ nìkan ni kò dìde. Ó ń wo ìlà kejì tó yọ lábẹ́ àkọ́kọ́. Ìlà náà ní lóòótọ́ ni Aláàárù balẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì sì ń tọ́ka sí ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ agbẹnusọ yìí díẹ̀. Obìnrin tó lè sọ fún ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó pé ooru dára fún ara ni. Kí wákàtí kan tó kọjá, ó ti kọ ìkéde síta: Aláàárù ti gúnlẹ̀ láyọ̀, ó ń sinmi. Nígbà tí àwòrán dé, tí gbogbo ayé lè rí ọkọ̀ tó sùn gbalaja, ó mú àwòrán náà, ó yí i.

"Ẹ wò ó, Ọ̀gá. Ó ti dìde."

Ọ̀gá Àgbà di ojú kan. "Ó dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti wá nàró bí ògiri."

"Ta ló dé ibẹ̀ rí nínú wọn, Ọ̀gá? Ta ló mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí?"

Wọ́n jiyàn lé e lórí fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Aṣojú bàtà nìkan ni ayọ̀ rẹ̀ kún, nítorí bàtà ti fò jáde nínú àpótí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣubú, ó sì balẹ̀ ní ìdúró ṣánṣán, okùn rẹ̀ ò tú. Nínú gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà gbé lọ sí òṣùpá, òun nìkan ló dúró.

Àmọ́ àwọn oníbàárà yòókù kì í ṣe ọmọdé. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa wọn ooru ilẹ̀ ń wojú ọ̀run, ó ń wọn ooru òfìfo. Wọ́n béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀gá Àgbà pe ìpàdé ìwádìí sí Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni wọ́n ti mọ ohun tí wọn yóò rí: ojú ọkọ̀ ló ṣì í wò, ẹni tó kọ́ ojú náà ni yóò lọ. Wọ́n ti já àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. Bí wọ́n bá sì fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lé e, kò sí ilé-iṣẹ́ kan láyé tí yóò tún jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ òṣùpá mọ́.

Ọmọ náà gba ilé àwọn òbí rẹ̀ lọ, ó dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn nínú pálọ̀, ó kọjú sí ògiri. Kò jẹ, kò mu. Ìyá rẹ̀ lọ gbogbo aṣọ tó wà nílé, ó tún lọ aṣọ ìnura, ó lọ ìbọ̀sẹ̀, ó wá ń wá ohun mìíràn tí yóò lọ̀. Pẹrẹsẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Àwòrán tó wá láti òṣùpá wà nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọn ò yí, tó fi etí ihò náà hàn kedere. Ó mú un, ó wò ó, ó sì káwọ́ lérí.

"Irú iṣẹ́ wo rèé? Etí ihò yìí mú bí ìgò fífọ́! Ta ló fi í sílẹ̀ báyìí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Bàbá." Ọmọ náà kò tiẹ̀ yíjú. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú gbọ̀ngàn wa rí. Òun ni kò yé mi. Ó ti gba orí irú rẹ̀ kọjá nígbà ẹgbẹ̀rún kan, kò ṣubú."

Pẹrẹsẹ fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé kò sí èyí tó mú tó báyìí nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó dìde, ó ní òun ń bọ̀. Ní ọ̀sán gangan ló wọ gbọ̀ngàn náà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó mú okùn ìwọ̀n, ó wọn ihò kẹtàdínláàádọ́ta, èyí tó jìn dé orúnkún nígbà tó gbẹ́ ẹ. Ìka mẹ́rin péré ló kù. Ó wọn òmíràn, ìka mẹ́ta. Ó wọn ogún ihò, ó dákẹ́ wíwọ̀n. Igi gogoro má gún mi lójú, láti òkèèrè la ti ń wò ó. Òun ló wá jẹ́ igi fún ojú ọmọ ara rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní yàrá, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ìrọ̀rí.

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ló mú bàbá rẹ̀ wọlé," ni Pẹrẹsẹ wí. "Gbogbo ilẹ̀ tí mo sì ti tẹ́ láti ogójì ọdún, èyí tí mo tẹ́ tó gbé ọkọ̀ ṣubú ni wọ́n á máa fi dá mi mọ̀."

"Bí ẹ ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ìrọ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí rùn, iná ti mú un.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ lọ sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kí ogún ọdún yẹn tó pé, ọmọ yìí máa ti gbàgbé pé òun mọ nǹkan kan í ṣe."

Ní Ọjọ́bọ̀, Pẹrẹsẹ dé fìlà tuntun, ó wọ inú ìpàdé láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn ògbóǹtarìgì mẹ́ta láti ìta jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀gá Àgbà àti agbẹnusọ. Ọmọ rẹ̀ dá jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ògbóǹtarìgì kìíní ní eruku ló bo ojú ọkọ̀. Èkejì ní oòrùn ló wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ̀kẹta ní ẹsẹ̀ bàtà ọ̀tún nìkan ni wọ́n gbé, tó mú kí ọkọ̀ wúwo sí ọ̀tún. Ká ní wọ́n gbé méjèèjì ni, kì bá má ṣubú.

"Èmi ni mo gbé e ṣubú," ni Pẹrẹsẹ wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ẹ jókòó, ẹ mu omi. Ọ̀rọ̀ ọmọ ò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ó yé wa. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ yẹn wà sí ibí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó kìlómítà. Kò sí bí ọwọ́ birikìlà ṣe gùn tó."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé." Ọmọ rẹ̀ ló sọ ìyẹn. Òun náà kò gbà á gbọ́.

"Ẹ gbẹ́ ihò kan," ni Pẹrẹsẹ wí. "Ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ wọ̀n ọ́n."

Bóyá nítorí pé ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n lórí ìjókòó ni, wọ́n bá a lọ. Ògbóǹtarìgì kìíní ká ṣòkòtò, ó gbẹ́ ihò kan sínú iyanrìn, ó jìn dé orúnkún rẹ̀, etí rẹ̀ mú. Wọ́n wọ̀n ọ́n, agbẹnusọ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe parí ìyẹn ni ìjà eruku àti oòrùn tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ògbóǹtarìgì. Ẹni tó ní bàtà ló fà á náà dá sí i, ọ̀rọ̀ di ariwo, ó sì tó wákàtí kan kí wọ́n tó rántí ohun tí wọ́n wá ṣe.

"Kí wá ni a fẹ́ fi ihò yìí ṣe gan-an, Bàbá?" ni Ọ̀gá Àgbà béèrè.

Pẹrẹsẹ wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ihò náà. Ó ti ń gbọ́ ìjà wọn láti àárọ̀ bí ẹni gbọ́ rédíò. "Ẹ tún un wọ̀n," ni ó wí.

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìka méjì ti lọ nínú jíjìn rẹ̀, etí rẹ̀ sì dán bí etí ife. Ènìyàn mẹ́fà ló dúró yí i ká, kò sí ẹni tó rí i nígbà tí ọwọ́ ń ṣe é. Pẹrẹsẹ pàápàá ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín.

Ọmọ rẹ̀ gba ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ihò tuntun, ó fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní yánkanyànkan, ó sì tẹ bọ́tìnì. Ọmọ Aláàárù sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó wo ihò, kò bẹ̀rù ohunkóhun, ó fẹsẹ̀ lé etí rẹ̀. Ó dojú dé sórí ìwé agbẹnusọ. Bó ṣe sùn síbẹ̀, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú àwòrán.

Kí aago mẹ́rin tó lù, wọ́n ti parí ẹjọ́. Ojú ọkọ̀ kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Ẹni tó kọ́ ọ yóò dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kọ́ ojú Aláàárù kejì. Ní ti Pẹrẹsẹ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ní kó má tún sún mọ́ iyanrìn náà ní àádọ́ta ìṣísẹ̀ mọ́ láyé. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá agbẹnusọ mọ́ra. Ó sáré jáde lọ wá ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè jọ yọ̀.

Ó bá a lórí korobá tó dojú dé, lẹ́bàá iyanrìn. Ó dúró ní àádọ́ta ìṣísẹ̀, ó pariwo láti ibẹ̀.

"Màmá mi! Wọn ò lé ẹ mọ́!"

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Ọmọ náà kò yọ̀.

"Oṣù méje," ni ọmọ náà wí. "Gbogbo ọjọ́ tó bá yege, mo máa ń sáré wá sọ fún yín. Mo rò pé èmi ni mo ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ̀ ń tún ọ̀nà ṣe níwájú mi, èmi sì rò pé mo mọ̀ ọ́n rìn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Pẹrẹsẹ lákínyẹmí ara. Ó ti rò pé òun gba ọmọ òun là lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí fún gbogbo ayé pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí padà, ó gba ilé lọ. Ó dùn ún gan-an, kò sì fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ náà kò fi yọjú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ gbogbo ihò tuntun, ọwọ́ rẹ̀ bó, ó sì ti gbọ̀ngàn pa. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó dé lójijì lásìkò oúnjẹ, irun rẹ̀ kún fún iyanrìn, ó jókòó, ó fa àwo sọ́dọ̀.

"A bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lánàá," ni ó wí.

"Báwo ló ṣe lọ?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Nínú ìgbà mẹ́wàá, ó ṣubú nígbà mẹ́sàn-án."

"Yéè! Mẹ́sàn-án?"

"Mẹ́sàn-án, Mọ́mì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dúró." Ó ń jẹun bí ẹni tó gbààwẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan yẹn, èmi ni mo ni ín."

Pẹrẹsẹ jókòó bí ẹni tó wà lórí iná. Ó wúkọ́, ó wo òkè àjà, ó wo tábìlì.

"Màmá mi, ihò wo ló ń gbé e ṣubú jù?"

Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mi ò ní sọ fún yín."

Pẹrẹsẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Ó dáa," ni ó wí. "Jẹ́ kó máa ṣubú."